Àwọn Ọ̀nì Tí Mo Fi Sínú Ìwé Ìyá Bih

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kẹfà

Mo parí WAEC lónìí. Tí ẹnikẹ́ni bá tún ní kí n jókòó ṣe ìdánwò láyé mi, màá gba Badagry sá lọ, wọn ò ní gbúròó mi mọ́. Ìdajì ìwé Kẹ́mísìrì mi ṣì funfun, torí mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ náà, òun náà ò sì fẹ́ràn mi. Ibẹ̀ ni màá ti máa kọ ọ̀rọ̀ ara mi báyìí. Ẹni tó bá ṣí i tí kì í ṣe èmi Mọ̀nsúrát, kí ìka rẹ̀ wú tó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà.

Oòrùn tó mú ní Abúlé Adó lónìí lè dín ẹyin lórí páànù. Màámi ní kí n má tíì yọ̀, pé èsì ni wọ́n fi ń yọ̀. Wọ́n fún mi ní ẹran Iléyá tó kù, ẹyọ kan, tó gbẹ bíi bàtà ṣọ́jà. Nígbà tí wọ́n yíjú, mo mú méjì sí i.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Bih kan ìlẹ̀kùn wa. Òun àti Bih, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́sàn-án, ló ń gbé yàrá tó kojú sí tiwa. Kamẹrúùnù ni wọ́n ti sá wá, ó di oṣù mọ́kànlá báyìí. Pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ló ń dín ní géètì Raji Rasaki Estate, Pidgin la sì jọ ń sọ. Ó kí Màámi tán, ó ní èmi gan-an lòun wá bá. Àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó sá wá fún un ní fọ́ọ̀mù kan, wọ́n ní kó kọ ohun tó lé e kúrò nílé síbẹ̀. Tí wọ́n bá gbà á gbọ́, wọ́n á fún un ní ìwé ogúnléndé, kò sẹ́ni tó máa lè lé e padà, Bih náà á sì wọ ilé ìwé. Tí wọn ò bá gbà á gbọ́, ìwé onígbà-díẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ máa kú lọ́jọ́ tí oṣù kẹjọ bá parí, kí wọ́n máa lọ nìyẹn. Jígí ojú rẹ̀ ti fọ́ nígbà tó ń sá bọ̀, kò lè rí lẹ́tà wẹ́wẹ́.

Ó mọ ẹni tó wá bá. Èmi ni akọ̀wé gbogbo àdúgbò yìí. Èmi ni mo kọ lẹ́tà tí Dammy, tó wà ní yàrá ìkẹyìn, fi bẹ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tí ìyẹn fi padà, ọmọbìnrin tó ti ju òrùka sínú gọ́tà. Lẹ́tà mi lè mú òkúta sunkún.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù kẹfà

Ìyá Bih sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo kọ rọ́ọ̀fù rẹ̀ síbí:

Àwọn tó gbé ìbọn dé lówùúrọ̀. A sá. Ọkọ mi kù síbẹ̀. A rin ọjọ́ méjì nínú igbó. A wọ ọkọ̀ ojú omi. A tún wọ mọ́tò. A dé Èkó.

Ó tán. Mo ní àwọn tó gbé ìbọn yẹn tó mélòó? Ó ní òun ò dúró kà wọ́n. Mo ní báwo ni ọkọ yín ṣe kù síbẹ̀? Ó ní, "Ó kù síbẹ̀ ni," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára aṣọ rẹ̀. Mo kà á fún un, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ ìtàn? Mo ti kọ lẹ́tà tó gùn ju èyí lọ torí pé mi ò lọ sílé ìwé lọ́jọ́ kan.

Jímọ̀, 27 oṣù kẹfà

Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè tó kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ pé rọ́ọ̀fù ni egungun, kọ́pì tó mọ́ lẹ ti máa fi ẹran sí i. Lónìí mo fi ẹran sí i. Màlúù odindi ni mo pa sí i.

Ta ni ò sì mọ̀ ní Èkó yìí pé wọn kì í gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ní ìhòòhò? Tó o bá fẹ́ gba ìsinmi ọjọ́ kan níbi iṣẹ́, ìyá ìyá rẹ gbọ́dọ̀ kú. Tó o bá fẹ́ kí onílé fún ẹ ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, ilé ìwòsàn lo ti ń pè é. Àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì ti gbọ́ ẹkún débi tí etí wọn ti yi bí awọ pọ̀nmọ́. Ta ló máa dá "a sá, a dé" lóhùn?

Nítorí náà, àwọn tó gbé ìbọn di ọgọ́ta. Ọjọ́ méjì nínú igbó di mẹ́rìnlá. Ọkọ̀ ojú omi dojú dé ní àárín odò, Ìyá Bih gbé Bih sẹ́yìn, ó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ, ọ̀nì mẹ́ta sì ń lé wọn. Ọkọ rẹ̀, mo fún un ní àdá, ó bá èèyàn mẹ́wàá jà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó kún ojú ewé kan. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, èmi fúnra mi sunkún.

Mi ò kà á fún un. Mo ní ohun tá a jọ sọ náà ni, mo kàn tún un kọ kó mọ́. Ó buwọ́ lù ú níbi tí ìka mi wà, ó gbàdúrà fún mi títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, ó tún fún mi ní pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù mẹ́wàá gbígbóná. Mo bá a mú un lọ fún Àǹtí Bímpé ní Festac. Wọ́n ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Sẹ́kọ́ńdì Áfẹ́níù, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn tó sá wá ṣètò ìwé lọ́fẹ̀ẹ́.

Tí wọn ò bá gbà á, mi ò mọ̀wé kọ mọ́ láyé.

Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù kẹfà

Òjò. A lè pa ẹja nínú odò tó wà lójúde wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù keje

Àǹtí Bímpé pe Ìyá Bih, mo sì tẹ̀ lé e lọ. Kẹ̀kẹ́ ti fi ọgọ́rùn-ún náírà lé owó rẹ̀, wọ́n ní torí omi tó wà lójú títì. Bí ẹni pé àwa la da omi síbẹ̀.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bọ́ sí ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí. Ọ̀gá kan máa wá láti ọ́fíìsì ńlá, ọ̀dọ̀ Àǹtí Bímpé náà ló máa jókòó sí. Àǹtí Bímpé ní kí Ìyá Bih má bẹ̀rù, pé ìwé tó kọ ló máa wà níwájú ọ̀gá náà, á máa bi í ní ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Wọ́n ní kó ṣáà rí i pé ẹnu àti ìwé dọ́gba. Wọ́n ní bàbá kan wà lọ́dún tó kọjá tó kọ ọ́ pé ọkọ̀ ojú omi lòun wọ̀, nígbà tó wá délẹ̀ ó ní mọ́tò ni. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe rí irọ́ kan yẹn, wọn ò gba ìyókù gbọ́ mọ́. Wọ́n dá fáìlì rẹ̀ padà.

Ìyá Bih rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyẹn ò lè ba òun lẹ́rù, ìtàn kan ṣoṣo lòun ní.

Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Àǹtí Bímpé bi mí bóyá mo fẹ́ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ní rárá, mà.

Ọjọ́rú, 9 oṣù keje

Mi ò lè jẹ ẹ̀bà. Èmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù keje

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ronú. Orí mi sì gbé èrò kan jáde tí mo rò pé ó dára ju gbogbo èrò ayé lọ: tí ìwé ò bá ṣeé yí padà, ẹnu ṣeé yí. Mo lọ bá Ìyá Bih níbi tó ti ń po ìyẹ̀fun lẹ́yìnkùlé, mo bá a to àwo, mo bá a fọ ṣíbí, kó tó di pé mo rọra wọ inú ọ̀rọ̀.

"Ìyá Bih, tí wọ́n bá bi yín nípa ọ̀nì, ẹ sọ pé mẹ́ta ni."

Ó ń po ìyẹ̀fun lọ. "Ọ̀nì wo?"

"Ti inú odò."

"Odò wo?"

"Èyí tí ọkọ̀ yín ti dojú dé."

Ó dá ọwọ́ dúró. Ìyẹ̀fun dé ìgúnpá rẹ̀. "Mọ̀nsú, ọkọ̀ wa ò dojú dé. Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Tó bá dojú dé, ta lò ń bá sọ̀rọ̀ yìí?"

Ó ní kí Bih lọ mú kọ́pì tí Àǹtí Bímpé fún un wá lábẹ́ ìbùsùn. Ó ní kí n ka gbogbo ẹ̀, kí n máa kà á ní Pidgin kó lè yé òun. Mo kà á. Nígbà tí mo dé ọgọ́ta, ó ní kí n tún un kà. Nígbà tí mo dé ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó ní kí ni àwọn ń jẹ. Nígbà tí mo dé ọ̀nì, Bih rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Mo wá dé ibi àdá. Mo fẹ́ fo ibẹ̀, ó ní òun rí i pé mo ṣí ojú ewé méjì lẹ́ẹ̀kan. Mo ka ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ọkọ rẹ̀ fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó dìde. Ó ṣan ọwọ́ rẹ̀ sínú ike omi, ó nù ún, ó wọlé, ó sì rọra ti ìlẹ̀kùn. Kò tiẹ̀ gbá a.

Ìyẹ̀fun náà wú títí, ó kún abọ́, ó ń dà sílẹ̀. Èmi àti Bih jókòó tì í, à ń wò ó. Kò sẹ́ni tó dín in.

Ọjọ́ Àìkú, 13 oṣù keje

Bih gbé nǹkan wá nínú ọ̀rá lówùúrọ̀. Ó ní ìyá òun ní kí òun gbé e fún mi. Pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ni, mẹ́rin, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́.

Ká ní ó gbá mi létí ni, ǹ bá dúpẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 14 oṣù keje

Màámi ní ẹni tó ń jẹun bíi kátápílà ò lè ṣàdédé máa fi ṣíbí fa ìlà sínú ọbẹ̀. Wọ́n tì mí mọ́ ẹ̀yìn káńtà nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì, wọ́n ní tí mo bá ti lóyún kí n tètè sọ. Mo ní kì í ṣe oyún, ọ̀nì ni. Mo wá jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀.

Mo rò pé ẹgba ló kàn. Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó sórí àpò ìrẹsì, wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ ẹlòmíràn.

"Ṣé o mọ̀ pé tí wọ́n bá lé obìnrin yìí padà," ni wọ́n sọ, "ìwọ lo lé e?"

Ìyókù ohun tí wọ́n sọ, mi ò ní kọ ọ́. Kò sí àbùmọ́ kankan nínú rẹ̀.

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lọ sí yàrá Ìyá Bih. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo gbé etí lé ilẹ̀kùn, àmọ́ fáànù Ìyá Bih máa ń ké bí ewúrẹ́ tó ń bímọ, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí wọ́n jáde, ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní kí n mú bírò mi lọ bá Ìyá Bih lọ́la lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù keje

Ó jókòó sórí àpótí, mo jókòó sílẹ̀. Ó ní, "Kọ ohun tí mo bá sọ. Ohun tí mi ò bá sọ, má kọ ọ́."

Ó ní òun gbé kókò ká iná lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó ń hó lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ ìbọn ní ìsàlẹ̀ abúlé. Èèyàn mẹ́rin ló fojú rí, ó gbọ́ ohùn àwọn yòókù. Ó gbé ìkòkò náà bó ṣe gbóná sórí, wọ́n gba ẹ̀yìn ilé sá. Wọ́n ti dé oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó wo ẹsẹ̀ Bih. Ọmọ náà ò wọ bàtà. Ọkọ rẹ̀ ní igbó tí wọ́n máa wọ̀ yìí, ọmọ ò lè fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín, bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, òun ń bọ̀.

Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan.

Ó ní òun dúró sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí oòrùn fi dé àárín orí. Kò wá. Òun wá gbé Bih pọ̀n, ìkòkò lórí, wọ́n ń lọ. Kókò yẹn ni wọ́n jẹ fún ọjọ́ méjì. Ẹni tó wa ọkọ̀ ojú omi gba aṣọ ìró òun dípò owó. Ọkọ̀ náà ń jò, Bih sì ń fi ìkòkò kókò gbọ́n omi jáde títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Mo kọ ọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í, àwọ̀ bàtà náà. Ó ní pupa, ó ní ìdè rẹ̀ kan ti já, wáyà lọkọ òun fi so ó. Mo kọ ìyẹn náà.

Mo kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ó buwọ́ lù ú. Mo ti kọ lẹ́tà láyé mi, ọwọ́ ò dùn mí báyìí rí, ìwé náà ò sì ju ojú ewé méjì lọ.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù keje

Àǹtí Bímpé bọ́ jígí ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n tún bọ́ ọ. Èmi, Màámi àti Ìyá Bih jókòó ní ìlà bí ẹni tó jí adìyẹ.

Wọ́n ní ọ̀gá náà lè gba àtúnṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àmọ́ ta ló máa sọ fún un pé kì í ṣe ìtàn tuntun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun kalẹ̀? Kí ló fi hàn pé òótọ́ ló kọ́kọ́ wà, kí irọ́ tó dé?

Mo ní rọ́ọ̀fù wà.

Wọ́n ní níbo. Mo ní nínú ìwé Kẹ́mísìrì mi, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo kọ ọ́, pẹ̀lú ibi tí mo ti sọ bí mo ṣe fi ọ̀nì sí i. Ojú Àǹtí Bímpé là, wọ́n ní kí n gbé e wá lọ́jọ́ náà. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí nǹkan mìíràn tó wà nínú ìwé ọ̀hún. Mo bi wọ́n bóyá mo lè ya ojú ewé yẹn nìkan.

"Tó o bá ya á, ó ti di bébà lásán. Odindi ìwé lo máa gbé wá."

Màámi yíjú sí mi. "Kí ló wà nínú ìwé náà tó ò fẹ́ kí wọ́n rí?"

Mo ní Kẹ́mísìrì ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 oṣù keje

Kò rọ̀jò lónìí. Mo kọ ìyẹn torí pé láàárọ̀, mo ti bẹ Ọlọ́run pé kó rọ̀ ọ́ débi tí ọ̀gá náà ò fi ní lè kọjá Mile 2. Ó dé kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ó ga, ó so táì, mi ò rò pé ó ti rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí wọ́n bí i.

Èmi ni Àǹtí Bímpé kọ́kọ́ mú wọlé. Mo kúnlẹ̀, ó ní kí n dìde, pé kì í ṣe ààfin nibí. Mo sọ fún un pé èmi ni mo kọ ìwé àkọ́kọ́, èmi ni mo fi kún un, mi ò kà á fún ẹni tó buwọ́ lù ú. Mo gbé ìwé Kẹ́mísìrì síwájú rẹ̀. Ó ṣí ojú ewé kìíní. Mo rí i tó ń kà á. Mo rí i tó wo ìka ara rẹ̀.

Ó ka ọ̀rọ̀ ẹran Iléyá. Ó ka ti òrùka inú gọ́tà. Ó ka rọ́ọ̀fù, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tuntun, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e ní ìlà kan, ìlà kan. Fáànù ń yí. Mo làágùn tó lè kún jálá.

"Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀nì mẹ́ta?" ló bi mí. "Kí ló dé tí kò ṣe mẹ́rin?"

"Mẹ́rin á ti pọ̀ jù, sà."

Ó ní òun ti dá fáìlì àgbàlagbà padà nítorí irọ́ tí kò tó ìrù ọ̀nì, pé kí n lọ rò ó wò. Ó ní kí wọ́n ṣe fótókọ́pì ojú ewé mẹ́rin. Ó wá ní kí n bọ́ síta, kí wọ́n pe ìyá náà wọlé.

Aago mẹ́wàá ni Ìyá Bih wọlé. Èmi àti Bih jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, a ta ayò lórí bébà títí bébà fi tán. Àárín ìgbà yẹn, wọ́n pe Bih náà, kò pẹ́ jáde. Mo ní kí ni wọ́n bi í. Ó ní wọ́n ní kí ni òun fi gbọ́n omi. Mo ní kí lo sọ? Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. "Ìkòkò," ló sọ.

Aago kan kọjá kí ìyá rẹ̀ tó jáde. Ó béèrè omi, ó mu ike kan tán láìmí. Màámi ní báwo ló ṣe rí. Ó ní ọ̀gá náà béèrè nípa kókò, ó béèrè nípa ọkọ̀, ó béèrè nípa bàtà. Ó ní nígbà tí òun dé ibi bàtà, ọ̀gá náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, kò sì yára gbé e.

"Mi ò tíì sọ ọ́ tán fún ẹnikẹ́ni rí," ló wí. "Mo sọ ọ́ tán lónìí."

Ó wá ra ẹ̀pà sísun fún gbogbo wa, pẹ̀lú èmi.

Ọjọ́rú, 23 oṣù keje

Ìyá Bih fa etí mi nídìí ẹ̀rọ omi. Ó fà á dáadáa, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ara mi ti fúyẹ́ débi tí mo lè máa fò lórí okùn aṣọ. Màámi náà ti ka ọ̀rọ̀ ẹran, ọ̀sẹ̀ kan ni màá fi fọ gbogbo ìkòkò ilé. Ó tọ́ sí mi.

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹjọ

Èsì WAEC jáde. Gẹ̀ẹ́sì, B3. Bàọ́lọ́jì, C4. Kẹ́mísìrì, F9, ìwé yìí ló ń gbẹ̀san. Màámi ní àwọn ò mọ̀ bóyá kí àwọn gbé mi mọ́ra ni tàbí kí àwọn gbá mi, wọ́n wá ṣe méjèèjì.

Omi wọ ilé wa dé kókósẹ̀. A gbé àpò ìrẹsì sórí tábìlì, a gbé Bih sórí àpò ìrẹsì. Lórí ibẹ̀ ló ti ń bi mí bóyá fóònù ti dún. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kẹjọ

Kò sẹ́ni tó pè. Kóńgò ìyẹ̀fun ti fi igba náírà lé. Bàbá onílé fi ọgbọ́n bi Màámi bóyá wọ́n mọ ibi tí àwọn ará Kamẹrúùnù ń kó lọ. Màámi ní àwọn ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ń kó lọ.

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù kẹjọ

Ó dún. Àǹtí Bímpé ní kí Ìyá Bih máa bọ̀ lọ́la, kó mú fọ́tò pélébé dání, méjì tirẹ̀, méjì ti ọmọ. Nẹ́tíwọ̀kì já kó tó béèrè ohunkóhun, ìgbà tá a máa fi pè padà, wọ́n ti pa fóònù.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí di àríyànjiyàn gbogbo ilé. Màámi ní kò sẹ́ni tó ń gba fọ́tò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ lé. Dammy ní ọlọ́pàá máa ń gbà á. Màámi gbé ìgbálẹ̀, wọ́n lé Dammy dé ẹnu géètì. Ìyá Bih ò dá sí i. Ó di irun Bih fún fọ́tò, ó tú u, ó tún un dì.

Jímọ̀, 22 oṣù kẹjọ

Wọ́n gbà á.

Mo fẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n gbà á.

Àǹtí Bímpé ka ìwé náà fún un, ó ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, ó gbé e fún Bih. Bih kà á, ó ń kọsẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ gígùn, ìyá rẹ̀ sì dúró dè é lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ogúnléndé ni wọ́n, òun àti ọmọ rẹ̀. Wọ́n lè gbé ibí, wọ́n lè ṣiṣẹ́ níbí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dá wọn padà. Màámi ń fi ìborùn nu ojú, wọ́n ní eruku ni. Eruku wo, nínú òjò yìí?

Ìyá Bih ká ìwé náà sínú ọ̀rá, ó tún fi ọ̀rá mìíràn wé e, ó tì í bọ àyà. Ó wá kọjú sí mi.

"Mọ̀nsú, ṣé ó ku nǹkan tó o fẹ́ fi kún un?"

Mo ní rárá, mà. Àǹtí Bímpé rẹ́rìn-ín títí jígí ojú wọn fi bọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù kẹjọ

Láti ìgbà tí Ìyá Bih ti dé ilé yìí ni jẹnẹrétọ̀ Dammy ti ń jókòó sábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Gbogbo èéfín yẹn, inú yàrá rẹ̀ ló ń wọ̀. Aṣọ ló máa ń fi dí fèrèsé, tó bá sì di àárọ̀ á kí Dammy, á tún bi í bó ṣe sùn. Kò bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ kankan rí nínú ilé yìí. Tí wọ́n bá tò ṣíwájú rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, á sún sẹ́yìn; tí ṣòkòtò Dammy bá gba gbogbo okùn aṣọ, á sá tiẹ̀ sórí ògiri. Bí àlejò tó fẹ́ kí wọ́n gbàgbé pé òun wà níbẹ̀ ló ṣe ń gbé.

Lónìí, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Dammy fa okùn jẹnẹrétọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ilẹ̀kùn Ìyá Bih ṣí. Ó jáde, ó so ìró rẹ̀ le, ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí. Yorùbá ló sọ, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Dammy. Ilé mi nìyí. Gbé e kúrò níbẹ̀."

Dammy rò pé ó ń ṣeré. Ó ní Màámi Bih, ẹ jọ̀ọ́, bọ́ọ̀lù ni mò ń wò, ó ku ogún ìṣẹ́jú. Ìyá Bih bá bọ́ sí Pidgin. Ó fi Pidgin yẹn fọ̀ ọ́, ó sá a, ó lọ̀ ọ́. Oṣù mẹ́tàlá èéfín ló kó jáde fún un, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Gbogbo ilé jáde. Dammy wo Màámi pé kí wọ́n gba òun. Màámi ń wo sánmà bí ẹni tó ń wá oṣù Ààwẹ̀.

Dammy gbé e. Ó gbé e tòun ti ariwo rẹ̀ lọ sídìí ògiri lọ́hùn-ún. Ó rò pé ó ti parí. Ìyá Bih pè é padà pé epo tó dà sílẹ̀ yẹn ńkọ́, ta ló fẹ́ kó fọ̀ ọ́.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, Dammy ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì. Ìyá Bih ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ epo. Ọ̀rọ̀ okùn aṣọ ló kù báyìí.